Ẹ Sọ Ìparí Ìwé Náà fún Mi

Ọ̀bẹ ni Gbémiga fi ń kí ìwé tuntun káàbọ̀. Bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì bá ti ra ìwé ìtàn kan, á gbé e sábẹ́ ọ̀bẹ tó fi ń gé pépà ní ṣọ́ọ̀bù fọtokọ́pì rẹ̀ n'Ìbàfò, á gé e sí mẹ́ta, á fi gọ́ọ̀mù àti páálí di ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan. Orí, ikùn, ìrù: bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹni tó bá ka orí tán á gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e, òun á mú ikùn, kò ní sí pé ẹnìkan ń retí ẹnìkan títí irun á fi funfun. Àwọn kan á pè é ní ìwà ọ̀daràn. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé ni àwọn yìí, wọn kì í ṣe àwọn tó ń to ìwé sí pálọ̀ kí àlejò lè rí i.

Tíṣà Ọmọlabí ló máa ń kọ́kọ́ kà, torí òun ló dàgbà jù, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Gbémiga ló tẹ̀ lé e. Nùsírátù, opó tó ń rán kọ́tìnnì ní Mówe, ló máa ń kẹ́yìn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá ti ka ìrù kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì débẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, Nùsírátù fẹ́ kí wọ́n rú òfin náà.

Láàárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Alájì Bùrẹ́ímọ̀, ti pè é láti Ìfọ̀. Ó ní ẹbí ti fẹnu kò: lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀, àwọn máa kírun òkú fún Abdulrauf. Abdulrauf, ọmọ kan ṣoṣo tí Nùsírátù bí, tó gba aṣálẹ̀ kọjá sí Líbíyà, tó pè é pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, kó máa fi àdúrà ran òun lọ́wọ́. Ó ti lé lọ́dún kan. Kò pè mọ́. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sì sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, àwọn àgbà ló sọ ọ́," ni Alájì wí, "ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù. Jẹ́ ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é láìjẹ́ pé o fọwọ́ sí i. Màá pè ọ́ kí n tó lọ kírun Àsárì."

Alájì kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà dun Nùsírátù wọra nìyẹn. Èèyàn burúkú rọrùn láti bá jà.

Ó wọ kòròpe láti Mówe, ó gbé ikùn ìwé tí wọ́n ń kà lọ́wọ́ lé itan. Àfi bí ẹni pé wọ́n kọ ìwé náà mọ́ ọn ni. Ìyá kan ló wà nínú rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀, Ọláwuyì, lọ wa góòlù nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń lọ jókòó sí gáréèjì, tó ń wo ojú àwọn tó ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Níbi tí ikùn parí sí, ìyá náà ti padà sílé, ẹnìkan ń sáré bọ̀ láti gáréèjì wá jíṣẹ́ fún un, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀bẹ Gbémiga kọjá.

Inú kòròpe yẹn ni èrò kan ti sọ sí i lọ́kàn. Bí Ọláwuyì bá délé, á jẹ́ pé Abdulrauf wà láàyè, òun á sọ fún Alájì pé rárá. Bí Ọláwuyì bá kú, kí wọ́n máa kírun wọn lọ. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wèrè ni. Ẹni tó kọ ìwé kò mọ Abdulrauf rí, kò mọ̀ bóyá wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n ó ti bi àáfà, ó ti bi àwọn ọmọ tó padà dé láti Líbíyà, kódà ó ti bá aládùúgbò rẹ̀ dé ibùdó àwọn onígbàgbọ́ lójú títì márosẹ̀, kò sẹ́ni tó fún un lésì kan tó ṣeé dì mú. Ìwé ló kù.

Nígbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀bù, àríyànjiyàn ti ń lọ ní pẹrẹu.

"Ìyá yẹn ló fà á!" ni Tíṣà Ọmọlabí ń wí. "Ta ló ní kó ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ kọ́mọ lè rìnrìn àjò? Látojú ewé àkọ́kọ́ ni mi ò ti gba tiẹ̀."

"Tíṣà, ta lẹ gba tiẹ̀ rí?" Gbémiga ń rẹ́rìn-ín. "Èyí tá a kà ṣáájú ńkọ́? Ẹ ní ó yẹ kí ìyàwó yẹn ti fún ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ ní chapter two, kí gbogbo wa lè sinmi."

"Ṣé irọ́ ni? Ọkùnrin tó ń tọ́jú ewúrẹ́ ju ìyàwó lọ!"

Lọ́jọ́ mìíràn, Nùsírátù, tó jẹ́ lọ́yà fún gbogbo ọkọ burúkú tó bá wà nínú ìwé, ì bá ti já lu ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, kò tilẹ̀ jókòó.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọláwuyì délé?"

"O ti gbàgbé òfin ni? Gba ìrù lọ́wọ́ Gbémiga, kó o lọ kà á."

"Kò sáyè, mi ò sì láyà láti ṣí i. Ẹ sọ ìparí ìwé náà fún mi."

Ó kúnlẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì, níwájú Gbémiga tó lè bí lọ́mọ, ó kúnlẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ Tíṣà mú. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ Abdulrauf, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé Alájì pè.

Bí oníbàárà kan ṣe dé nìyẹn tó fẹ́ ṣe fọtokọ́pì. Gbémiga sá wọlé, inú rẹ̀ dùn pé òun rí ibi sá sí, ó tan jẹnẹrétọ̀, ariwo sì gba ibẹ̀ kan. Tíṣà fa Nùsírátù dìde, ó fẹnu sí i létí.

"Ó délé," ó ní. "Òjò ńlá ń rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Ó kanlẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ ò dá a mọ̀, irùngbọ̀n ti bò ó lójú. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Má sunkún mọ́. Ó délé."

Nùsírátù sunkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ayọ̀ náà dà bò ó débi pé ó fẹ̀yìn ti ògiri. Tíṣà sọdá títì lọ ra omi fún un.

Nígbà tí oníbàárà lọ tán, Gbémiga pa jẹnẹrétọ̀, ó jáde.

"Gbémiga, Tíṣà ti sọ fún mi! Ó délé!"

Gbémiga wò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó délé." Ì bá dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí ni, ó fẹ́ fi èènì sí i. "Ibẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ já a sílẹ̀ ní gáréèjì, tí ìyá rẹ̀ rí i lókèèrè. Ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n."

"Nínú òjò yẹn?"

"Òjò kẹ̀? Ọ̀sán gangan ni, mà. Òòrùn ń ta."

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò ni, Nùsírátù ì bá gbà wọ́n gbọ́ dọ́jọ́ ikú rẹ̀. Tíṣà dé pẹ̀lú omi, ó wo ojú Nùsírátù, ó wo ti Gbémiga, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Ó kú," ni Nùsírátù wí.

Tíṣà gbé omi náà kalẹ̀, Gbémiga dorí kodò.

"Kì í ṣe ti Ọláwuyì ló ń dùn mí. Ẹ̀yin méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá gbà pé Abdulrauf wà láàyè, ṣé ẹ máa bẹ̀rù láti sọ fún mi pé ọmọ inú ìwé kú? Ẹ ti sin ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti sin ín, ẹ kàn ń bá mi ka ìwé lórí sàárè rẹ̀ ni."

"Nùsírá, Jésù gbọ́, mi ò rò ó báyẹn," ni Tíṣà ń wí, àmọ́ kò lè wò ó lójú.

Fóònù dún. Nùsírátù gbé e. Ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ìyàwó wa, kí la fẹnu kò sí?"

Ohun tó bá ara rẹ̀ sọ nínú kòròpe wà lọ́kàn rẹ̀. Ọláwuyì ti kú. Àdéhùn ni àdéhùn. Ó lanu láti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà ò jáde.

"Mi ò fọwọ́ sí i, Alájì. Ẹ má bínú."

Alájì mí kanlẹ̀. "Ó ti lé lọ́dún kan, ìyàwó wa. Yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló tún gbà pé ọmọ yìí wà láyé?"

Nùsírátù wo Tíṣà. Tíṣà ń wo ilẹ̀. Ó wo Gbémiga, Gbémiga ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Kò sí, Alájì," ó ní. "Èmi nìkan ni."

Ó pa fóònù náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi gèlè nu ojú rẹ̀, ó sì kọjú sí Gbémiga.

"Parí rẹ̀ fún mi."

"Kí ni, mà?"

"Tìẹ. Ìwọ ò sọ pé òòrùn ń ta? Ọkọ̀ já a sílẹ̀, ìyá rẹ̀ mọ ìrìn rẹ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá dé iwájú ìyá rẹ̀. Kí ló kọ́kọ́ sọ?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló sọ, Gbémiga?"

Tíṣà Ọmọlabí ti bo ojú. Omi ń dà lójú Gbémiga.

"Ó ní," ó ní, "ó ní, 'Màámi, ebi ń pa mí.'"