Ògiri Funfun Inú Ahéré Asger

Ibí yìí ni dòjé máa ń wà. Rárá... ibí kọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọkọ́ kékeré máa ń wà, torí ó máa ń gbá mi léjìká bí mo bá ti wọlé, màá sì pariwo. Dòjé wá ńkọ́? Ọdún mọ́kànlélógún tí a ti ní ọgbà yìí, ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń bú ahéré yìí — "Asger, ilé ekuté lo kọ́ síbí o!" — n kò sì mọ ibi tí ohun kan ṣoṣo ń gbé nínú ẹ̀.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Ní aago mẹ́rin Kirsten aládùúgbò wa ń mú àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́gbà bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Mo gbọ́dọ̀ dá gbogbo ẹ̀ padà bó ṣe wà kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe wà?

Asger ọkọ mi jókòó síta lórí bẹ́ńṣì, lábẹ́ igi ápù. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Aṣọ tí mo fi di ọwọ́ rẹ̀ ti ń pọ́n láàárín. Kò wo ọwọ́ náà. Kò wo nǹkan kan. Ó kàn kọjú sí oòrùn bí ológbò àgbà... èmi sì máa ń rò pé ó ń gbádùn oòrùn ni. Láti ọjọ́ wo? Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń rò bẹ́ẹ̀?

Mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ejnar, ní ìlú Skagen. Bí mọ́tò Ejnar ti yà ní kọ̀rọ̀ báyìí ni mo ká apá aṣọ mi sókè. Ahéré tí kò ju ìṣísẹ̀ méjì níbùú, mẹ́ta ní gígùn! Mo kó gbogbo ẹ̀ síta sórí koríko: ṣọ́bìrì mẹ́ta, réèkì méjì, ayùn, agolo ìṣó, àwọn okùn, àlùmọ́gàjí ńlá tó fi ń gé ẹ̀ka. Mo kun ògiri ní funfun. Mo kan ìkọ́ mọ́ ọn. Mo fi ọ̀dà dúdú ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí yóò gbé kọ́, kí ẹni tó bá mú un lè mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè rí i. Kí ẹni tó bá lójú...

Má dé ibẹ̀ yẹn, Tove. Má tíì dé ibẹ̀.

Kirsten tí ọgbà rẹ̀ bá tiwa pààlà na ọrùn wò mí. "Háà! Ṣé ahéré rèé àbí ilé olóògùn? Jọ̀ọ́ wá bá mi ṣe tèmi, kí ọkọ mi lè ríbi fìdí lé!" Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó bá ti kẹ̀kẹ́ kọjá ló ń kí mi. Mo sì ń fẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi dé ná, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́!" Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Ó dé lọ́sàn-án yìí. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tó ń retí súìtì. Ó wọlé, ó fa imú. "O kun ọ̀dà." Mo ní, "Wò ó ná! Wò ó dáadáa!" Ó wá ní, "Ó dára, Tove. Ó dára gan-an ni. O kú iṣẹ́." Ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Fèrèsé ló kọjú sí. Fèrèsé lásán! Ẹ̀yìn ló kọ sí gbogbo ohun tí mo ṣe, ó sì ń yìn ín...

Kí n tó lanu, ó ti na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, láìwò, bí èèyàn ṣe ń na ẹsẹ̀ sí sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Okùn tó fi ń di ẹ̀wà mọ́ igi ló fẹ́ mú. Ibẹ̀ ni mo gbé dòjé kọ́ sí. Mo sì ti pọ́n ọn. Mo pọ́n ọn kó lè máa dán. Bó ṣe gé e lọ́wọ́, mo pariwo mọ́ ọn.

Ó jọ̀wọ́ mọ́tò wíwà lọ́dún méjì sẹ́yìn. "Orúnkún mi ni." Mo gbà. Ó ní kí n máa ka ìwé ìròyìn sí òun létí láàárọ̀, torí ohùn mi dùn. Mo gbà — inú mi dùn débi pé mo sọ fún Kirsten pé lẹ́yìn ogójì ọdún, ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ mi ni. Ó bu kọfí, ó kún ife kọjá, ó dà sórí tábìlì, mo ní, "Asger, ibo lọkàn ẹ wà?" Lọ́jọ́ Kérésìmesì ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n pe àbúrò láàárín àwọn ọmọ Ejnar. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ó so okùn mọ́ èèkù ṣọ́bìrì kan. Ó fi ọ̀bẹ gé ojú méjì sára èkejì, mẹ́ta sára ẹ̀kẹta, kí ọwọ́ lè dá wọn mọ̀. Mo pè é ní ẹ̀gbin. Mo gé okùn náà dànù. Àwọn ojú gígé náà... mo jókòó lórí koríko níbẹ̀ yẹn, mò ń kọrin lábẹ́lẹ̀, mo fi sáńpépà ha wọ́n títí èèkù fi jọ̀lọ̀.

Ṣé màá tún wọn gé ni? Èwo ló ní méjì? Èwo ló ní mẹ́ta? Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sì bi í, mo ti sọ fún un pé mo mọ̀. Bí n kò bá bi í... aago mẹ́rin á lù, Kirsten á ní, "Asger, èwo ló wù ẹ́ jù níbẹ̀?" Asger á sì tún kọjú sí fèrèsé, lójú gbogbo wọn.

Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó yẹ kí n bínú. Ogójì ọdún! Ejnar mọ̀. Ejnar dì í mú ní ìgúnpá títí ó fi jókòó sínú mọ́tò. Ejnar tí kì í rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún ló sọ fún, kò sọ fún èmi tí mò ń sùn tì í. Kí ni mo ṣe tí... kí ni mo ṣe?

Àwo. Àwo la ń fọ̀.

Ọjọ́ tí a sin bàbá mi. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi fọ́jú nínú ilé wa, ọdún mẹ́wàá ni mo fi fà wọ́n lọ́wọ́ láti orí ibùsùn dé ilé ìyàgbẹ́, tí wọ́n ń ké orúkọ mi láti yàrá dé yàrá. Ó ti rẹ̀ mí. Mò ń fọ àwo, mo sì ní: "Ó tán. Mi ò tún ní fa afọ́jú kankan lọ́wọ́ mọ́ láyé mi. Tí irú ẹ̀ bá tún wọlé yìí, èmi ni màá jáde."

Asger ló ń gba àwo náà lọ́wọ́ mi, tó ń nù ún. Ó nu àwo kan, ó nù ún, ó nù ún, ó ti gbẹ, ó ṣì ń nù ún.

Ó ti mọ̀ nígbà yẹn. Háà, Olúwa... ó ti mọ̀. Ó gbọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí òun ṣe máa rìn nínú ilé láìríran, kí n má baà jáde.

Níta, ó ti dìde. Ó fi ọwọ́ tó wà nínú aṣọ tọ́ ẹ̀yìn bẹ́ńṣì, ó yí orí sí ibi tó rò pé mo wà.

"Tove? Ṣé o ṣì ń bínú?"

Ṣé èmi ṣì ń bínú. Èmi.

Ohùn ẹni tó ń bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni mò ń pè é.