Irin Náà Nà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà Adétúnbọ̀, tó ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, kìlọ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàgámù, níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ gé irin. "Tàjúdéènì, bí irin yìí bá tutù, o lè tẹ̀ ẹ́ bó o ṣe fẹ́. Bó bá gbóná dé ìwọ̀n kan, á rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á na ara ẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n tó bá gbóná lẹ́nu ẹ̀rọ, ara ẹ̀ á le, kò ní tètè rántí mọ́. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Rọra gé e, máa da omi sí i."

Ìlú òyìnbó ló ti mú irin náà bọ̀ lọ́dún 1984, ẹyọ kan ṣoṣo. Ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi nílé iṣẹ́ àdín rẹ̀ ní Ìpẹ̀rú ló fẹ́ fi í sí: bí ooru bá pọ̀ jù, irin á nà, á ti ìdérí sókè kí ooru lè jáde. Ìdíátù, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló ń dúró ti ìkòkò náà. Tíṣà ní ẹni tí àbúrò ẹ̀ wà nídìí iná kò ní ṣe é jákujàku.

Háà, irin yẹn le! Ọ̀bẹ ẹ̀rọ mẹ́rin ló bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Inú bí mi. Ogún ọdún nídìí iṣẹ́, tíṣà wá ń kọ́ mi! Omi tán nínú kẹ́ẹ̀gì, Nẹ́pà sì lè mú iná lọ nígbàkígbà. Mo bá mú ẹ̀rọ sáré, mo gé e ní gbígbẹ. Èérún irin ń ta iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ara ẹ̀ dúdú, mo fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi dán.

Nígbà tí Tíṣà wá gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó jù ú sínú omi híhó. Kò mira. Nígbà tó yá, ó rọra nà.

"Ó pẹ́ díẹ̀. Ṣé kò gbóná lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin náà, sà! Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó gbà mí gbọ́, ó lọ fi í sára ìkòkò náà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ìkòkò náà bẹ́. Kí wọ́n tó gbé Ìdíátù dé ọsibítù, ó ti kú. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Tíṣà wá sílé wa, ó di irin náà sínú áńkáṣífì. Ó ti nà gbọnrangandan.

"Irin tìẹ ṣiṣẹ́, Tàjúdéènì. Èmi ni mi ò ṣírò ooru yẹn dáadáa. Èmi ni mo pa á." Bàbá tó tó bí mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Irin náà nà lóòótọ́. Ó pẹ́ kó tó nà ni, ìkòkò ti bẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, ẹ̀rù bà mí.

"Dárí jì í, ọmọ mi," ni ìyá mi wí, omi ń bọ́ lójú wọn.

Mo ní, "Ẹ dìde, sà. Mo ti dárí jì yín."