Ẹ̀dọ̀ Méjì Nínú Àwo Kan

Fàtímọ̀ lorúkọ rẹ̀. Èmi ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ìyá Mùsílí ni mo ti ń pè é fún ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wọ agbo ilé wọn ní Mọníyà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ẹrù ẹni síta gbangba, orúkọ rẹ̀ kì í ṣòro pè mọ́.

Ẹsẹ̀ ọkọ mi ló fa gbogbo rẹ̀. Sàníù, ọkọ mi, ni olórí àwọn alápatà ọjà wa, àṣà wọn sì ni pé nínú màlúù tí wọ́n bá pa lódò ẹran, olórí ló ni kíndìnrín àti apá tó tóbi jù nínú ẹ̀dọ̀. Ọkọ mi kì í tà á, kì í fún ènìyàn. Á yan án, á fi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì tì í lọ́fun. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní ti ọkọ mi, ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kó ru nǹkan kan. Ní ọdún 1964, lẹ́yìn Iléyá, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó pọ́n. Bí aṣọ bá kàn án, igbe ni. Ọkùnrin tó ń dá màlúù dè!

Fàtímọ̀ wo ẹsẹ̀ náà, ó ní àbúrò òun ti tẹ oògùn. Ta ló fi oògùn lélẹ̀? Èmi Mùjíbátù ni. Ṣebí gbogbo agbo ilé gbọ́ ìjà èmi àti ọkọ mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, nígbà tí mo ní ẹsẹ̀ tó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ opó kan ní Ajíbọ́dé yóò rọ. Mo sọ ọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èébú ni, kì í ṣe oògùn. Àwọn àgbà ilé fún mi di ọjọ́ Jímọ̀: kí n jẹ́wọ́, tàbí kí n jáde, kí n fi àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Inú bíbí náà ló pọ̀ jù. Lọ́jọ́ Ajé mo wọ́ ọkọ mi wọ bọ́lẹ́kájà, ó di ọsibítù n'Íbàdàn. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Olúyínká gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀ títí ojú dókítà fi le. Lọ́jọ́rú a padà lọ gbọ́ èsì.

"Bàbá," ni dókítà wí, "yúríìkì ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ìdọ̀tí tó yẹ kí ẹ máa tọ̀ dànù ni. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọtí aládùn tí ẹ ń mu ló ń fi kún un. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀dọ̀ yín ti wú, ọ̀rá ti ń gbá jọ sínú rẹ̀. A ò tíì mọ gbogbo ọ̀nà tó ń gbà, àmọ́ lójú tèmi, ásíìdì yẹn náà ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ máa kó ọ̀rá pamọ́."

"Ṣé èyí tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí," mo bi í, "tó máa ń fi ọ̀rá sára ọ̀bẹ?"

"Ẹ ti rí i rí ni, Màmá?"

"Ìyàwó alápatà ni mí, sà. Àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀ bọ́ ní àbọ́jù ló máa ń ní in."

Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, ọkọ mi ní, "Má sọ fún wọn o." Ó ní wọ̀bìà ni wọn yóò máa pe òun. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n ní ọ̀tá ló ṣe òun.

"Èmi wá ńkọ́?"

Títì ló ń wò títí a fi dé Mọníyà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n kírun tán, n kò tíì di ẹrù kankan. Fàtímọ̀ fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù mi jáde: ìkòkò, ẹní, àpótí aṣọ. Àwọn àgbà ilé jókòó. Mo gba ìsọ̀ ẹran lọ, mo sì gbé àwo kan dé. Ẹ̀dọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan pọ́n dáadáa, àwọ̀ èkejì ti ṣí, ọ̀rá ń yọ̀ lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e síwájú ọkọ mi.

"Baba Ṣítù, ẹ̀yin ni olórí alápatà. Èwo lẹ máa tà fún ọmọ ìyá yín?"

Ọkọ mi lè purọ́ mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ lórí ẹran. Ó nàka sí èyí tó pọ́n.

"Èkejì ńkọ́?"

"Kò dára. Ọ̀rá ti bà á jẹ́."

"Níbo ni dókítà ní irú rẹ̀ wà?"

Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé ìhà rẹ̀ ọ̀tún.

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ẹnu mi ni," ni ọkọ mi wí. "Òun náà ló ṣe mí lẹ́sẹ̀. Mùjíbátù ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà ilé rẹ́rìn-ín, ó ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n dìde.

"Ó ti parí náà," ni Fàtímọ̀ wí. "Kó ẹrù rẹ wọlé."

Mo lọ jókòó sórí àpótí mi.

"Ìyá Mùsílí, èmi kọ́ ni mo kó o jáde. Ẹni tó kó o jáde ni yóò kó o wọlé."

Ó wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń wo àwo. Fàtímọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìkòkò, lẹ́yìn náà ó ká ẹní. Nígbà tó ku àpótí nìkan, mo dìde fún un.