Ẹni Tó Wá Dógò

Láolú kò mọ ọjọ́ tí gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mọ́ òun lọ́wọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé nígbà tí oṣù Kẹwàá máa fi parí, kò lè gba Ring Road kọjá mọ́ nítorí Ìyá Àbúdù tó ń ta oúnjẹ ní ọjà Ọba. Kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nítorí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń kí àlejò káàbọ̀. Kò lè dé iwájú ilé oògùn mọ́ nítorí oògùn ibà tó gbà láwìn. Ìlú Bìní tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù fún òun níbẹ̀ kò ju yàrá kan àti pálọ̀ lọ, nínú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún bámúbámú ní Ekosodin.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe iṣẹ́ àdáṣe fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Wọn a fi ohùn àwọn èèyàn ránṣẹ́ sí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: obìnrin tó ń ròyìn àìsàn ọmọ rẹ̀ fún dókítà, awakọ̀ tó ń ṣàlàyé bí ọkọ̀ ṣe takú sọ́nà, bàbá arúgbó tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbin iṣu. Láolú a ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí, a gbọ́ wọn, a sì tẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tí wọ́n ti wúkọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, lẹ́tà dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà láti ìsinsìnyí lọ. Ìlà mẹ́rin péré ni lẹ́tà ọ̀hún.

Owó dùn ún, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé àárò àwọn ohùn náà ń sọ ọ́. Fún ọdún mẹ́fà ni èèyàn fi wà létí rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọn kò mọ̀ ọ́n, òun ni ó mọ̀ wọ́n, ó sì tó o bẹ́ẹ̀.

Bùsáyọ̀ ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún oṣù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n lé Èyítọ́pẹ́ ọmọ wọn wálé lẹ́ẹ̀kejì nítorí owó ilé ìwé, ó kó ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oǹdó, níbi tí àǹtí rẹ̀ kan ti ní ilé ìwé tirẹ̀. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jẹ́ kí gbèsè yìí rọlẹ̀ díẹ̀ ná. A ó padà wá." Ì bá jà, ì bá sàn fún Láolú, nítorí ẹni tó bá jà yóò kúkú parí ìjà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú wọn a pè é lórí fóònù, ọmọ náà a ní, "Daddy, I dey fine. You don chop?" Bàbá rẹ̀ a ní òun ti jẹun. Irọ́ ni.

Báyìí ló wà tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Láolú ṣe bí àwọn onígbèsè ti ń ṣe: ó dúró lójú kan, ó pa ẹnu dé, ó di ère.

"Láolú," ohùn obìnrin kan wí láti ìta, "mo ń gbọ́ èémí rẹ."

Ìyá Àbúdù ni. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ogójì ọdún ló sì ti ń tajà ní Bìní. Oṣù méje ni Láolú fi ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti epo láwìn lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó di pé ó ń gba ẹ̀yìn ilé onílé sá fún un. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó rí i pé ìyá náà gbé àpótí ìjókòó lọ́wọ́ kan, ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé orí, kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ kejì.

"Mo wá dógò ni," ó wí, ó sì fi àpótí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀, ó jókòó.

Láolú kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nǹkan ayé àtijọ́ ni dógò. Bí gbèsè bá pẹ́ jù nígbà náà, olówó a rán ológò lọ sí ilé onígbèsè. Ológò a jókòó pa síbẹ̀, a máa pa adìyẹ onílé jẹ, a máa pàṣẹ omi, a máa bú onígbèsè sétí gbogbo àdúgbò, títí ojú yóò fi ti onítọ̀hún tí yóò wá owó jáde. Bàbá àgbà Ìyá Àbúdù ṣe iṣẹ́ náà ní Ìkàrẹ́, bí ìyá náà sì ti sọ ọ́, iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà," ó ní. "Mi ò ní pe ọlọ́pàá, mi ò ní pariwo. Mà á kàn jókòó ni. Adìyẹ dà?"

"Kò sí adìyẹ, Mà."

"Kí ló wà nínú ìkòkò?"

Ìyá náà dìde, ó wọ ibi ìdáná, ó ṣí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀, ó sì rọra dé e padà.

"Ó dáa," ó wí nígbà tó jókòó padà. "Láyé bàbá mi àgbà, ológò ló ń jẹ onígbèsè run. Èmi wá bọ́ sí ibi tí n ó ti bọ́ onígbèsè."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé gààrí àti ẹ̀pà wá nínú ọ̀rá. Ó ní òun ti kọ ọ́ mọ́ tẹ̀yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, gbèsè ń gorí gbèsè, Láolú sì ń jẹun.

Ojoojúmọ́ ló ń wá, àfi ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àìkú. Aago mẹ́jọ ni yóò dé, yóò di ẹ̀yìn ìrun alásárì nírọ̀lẹ́ kó tó gbé àpótí rẹ̀. Ó ń bú Láolú bó ṣe yẹ kí ológò ṣe, kò yẹ ọjọ́ kan. Ó bú irùngbọ̀n rẹ̀ títí ó fi fá a. Ó bú ilẹ̀ pálọ̀ títí ó fi gbá a. Ó ní ọkùnrin tí kò tẹ́ ibùsùn rẹ̀ lówùúrọ̀, kí ni yóò fi owó ṣe bó bá tilẹ̀ rí i? Láolú a ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti jáde lẹ́nu èèyàn tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Bí èébú bá tán, ìtàn a bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà a máa bó ẹ̀gúsí, a máa sọ nípa òkè Ìkàrẹ́, nípa ọkọ rẹ̀ tó ti kú, nípa oníbàárà tó jí ìwọ̀n ẹ̀wà gbé sábẹ́ aṣọ. Etí Láolú kò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dárúkọ ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tó fara pamọ́ sábẹ́ gbogbo rẹ̀, títí ìyá náà fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ nílò mi mọ́. Ìyàwó Àbúdù ló ń tà á. Bí mo bá fẹ́ gbé igbá, á ní, 'Màámi, ẹ sinmi.' Wọ́n ní kí n sinmi, wọn ò sọ ibi tí n ó sinmi sí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Osasu, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá kejì, yọjú wá yá ìgbálẹ̀. Ó kí ìyá náà, ó sì kọjú sí Láolú. "Daddy, na your mama be this? Una resemble o."

"Na my mama," Láolú wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀.

Ìyá Àbúdù kò gbé orí sókè. Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán, ó ní, "O ní èmi ni mo bí ọ."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Èmi ò bí ọmọ tó ń jẹ gbèsè." Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ẹyin sísè méjì wà lórí gààrí náà, kò sì sọ pé òun kọ ìyẹn mọ́ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni iṣẹ́ yọ. Olùkọ́ kan ní yunifásítì Ekiadolor, Ọ̀mọ̀wé Títíloyè, ló pè é. Ó ti gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Àkókó, ó fi fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì kọ ìsọkúsọ jáde. Ṣé Láolú lè gbọ́ ọ? Láolú ní òun lè gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ilé-Olújí ni, kò sì gbọ́ ju ìdajì lọ. Ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí, ó jẹ́ kí ohùn náà máa jáde sí gbangba, Ìyá Àbúdù sì ń tú u fún un lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà mìíràn a máa rẹ́rìn-ín kó tó tú u. Nígbà mìíràn a ní irọ́ ni bàbá yẹn ń pa. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é. Láolú kò rántí ìgbà tó ti gbádùn iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, owó wọlé. Fóònù dún, Láolú wò ó: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́tàlénígba náírà. Ìyá náà wà níbẹ̀, kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ, ó ń fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù.

"Ta nìyẹn?" ó bi í.

"Àwọn tó ń polówó ni," Láolú wí, ó sì da ojú fóònù délẹ̀.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ ná owó náà. Ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé bí òun bá san án, àpótí náà yóò dìde, kò sì ní sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn yìí mọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ jókòó lórí owó ní Ọjọ́rú, ní Ọjọ́bọ, ní Àbámẹ́ta. Ó ń wo àgbàlagbà tó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kó tó lè dìde lọ kírun, ó sì mọ̀ pé olè lòun ń jà. Onígbèsè tí kò ní, èèyàn lè ṣàánú rẹ̀. Onígbèsè tó ní tó ń fi pamọ́, kí ni wọ́n ń pè é? Ojú ara rẹ̀ tì í.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó lọ gba owó náà lọ́dọ̀ oní-POS kan lójú títì. Gbogbo gbèsè pẹ̀lú gààrí àti ẹ̀pà jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé owó náà fún ìyá náà lórí ìkúnlẹ̀.

Ìyá Àbúdù ka owó bí oníṣòwò. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Ó ku ẹgbẹ̀rún kan."

"Mo mọ̀, Mà. Ẹ máa bọ̀ lọ́la wá gbà á."

Ìyá náà wò ó. Ó wò ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé Láolú ní láti wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó fa ẹgbẹ̀rún kan tirẹ̀ jáde níbẹ̀, ó gbé e lé orí owó náà.

"Ó pé," ó wí. "O ò jẹ mí ní kọ́bọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá sílé òun, ẹnu ni Ọlọ́run fún un. Kì í fi ẹgbẹ̀rún kan so mí lẹ́sẹ̀ bí ewúrẹ́."

Ó kó igbá rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù, ó gbé àpótí. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láolú mọ̀ pé òun ló ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ náà kò ju mẹ́ta lọ, ẹ máa wá, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, báwo ni yóò ṣe sọ fún ìyá oníyàá pé òun kò lè dá wà? Ìyá náà sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ lù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi orin dí ara wọn létí lókè, ẹnìkan ń pariwo pé wọ́n jí omi òun. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Láolú po gààrí, ìgbà tó po ó tán ló rí i pé ó pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ. Ẹsẹ̀ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fi àmì sára kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ilẹ̀ pálọ̀. Ó jókòó síwájú àmì náà, ó sì sunkún. Wọ́n máa ń sọ pé èèyàn laṣọ ẹni. Láti oṣù Kẹta ni òun ti wà níhòòhò.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó bọ́jú, ó wọ bàtà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ring Road. Ó tó oṣù mẹ́ta tó ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyàwó Àbúdù ló wà níwájú ìsọ̀, ó ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà kan. Ìyá Àbúdù fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá láàárín àpò ìrẹsì, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Láolú fa páálí òfìfo kan, ó fi ìdí kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Kí lo wá rà?" ìyá náà bi í.

"Mi ò wá rajà, Mà. Mo wá dógò ni."

Ìyàwó Àbúdù yíjú padà. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. "Gbèsè wo ni mo jẹ ọ́?"

Nínú ọkọ̀, Láolú ti ro èsì kan tó dùn ún gbọ́ létí. Ó wá a báyìí, kò rí i mọ́.

"Ilé ò ṣeé gbé, Mà," ó wí. "Mi ò lè dá gbé e."

Ìyá Àbúdù na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa igbá ẹ̀gúsí kan jáde, ó tì í síwájú Láolú títí ó fi kan orúnkún rẹ̀.

"Èyí tó o bá fọ́," ó wí, "o máa san án."

Láolú mú ẹyọ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.