Ìbọ̀sẹ̀ Lẹ́yìn Pẹpẹ

"Òmíràn tún ti kú," ni Tuulia wí. Ó fa díìsìkì kan, àpótí pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nǹkan sí, yọ lórí pẹpẹ irin, ó sì yára gbé e sílẹ̀, nítorí ó gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná.

Urpo, àgbàlagbà tí wọ́n jọ ń ṣọ́ gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà kan ní ìlú Kajaani, kò gbójú sókè nídìí kọfí rẹ̀. "Kí ni kì í kú, ọmọ yìí? Èmi náà ń bọ̀ lọ́nà."

"Ẹ má fi ṣeré, ẹ̀gbọ́n. Henriikka ọ̀gá wa ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ó ti ní bí òmíràn bá bàjẹ́, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀rọ yìí lọ sí ìlú Oulu. Ta ni yóò gba èmi àti ẹ̀yin síṣẹ́ nílùú yìí?"

Urpo gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

Àwòrán egungun àwọn aláìsàn ló wà lórí àwọn díìsìkì náà. Ẹ̀dà wọn wà níbòmíràn, àwòrán ò lè sọnù. Iṣẹ́ ni yóò sọnù. Tuulia ti pààrọ̀ fáànù, ó ti gbá eruku. Níwájú pẹpẹ, afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé dáadáa. Ó yẹ kó gba àárín àwọn díìsìkì kọjá, kó sì kó ooru wọn jáde lẹ́yìn.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dé, ó di ojú, ó ń gbọ́ àwọn fáànù bí odò tó jìnnà. Òórùn kan kàn án nímú, òórùn àgùntàn tí òjò pa. Ó gbójú sókè. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni wọ́n sá sójú ihò tí ooru ń gbà jáde, wọ́n tò ó bí ẹja tí wọ́n fẹ́ yan, ó sì dí ihò náà pa.

"Ẹ̀gbọ́n Urpo!"

Ọkùnrin náà dé, kò wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà. "Yìnyín dé orúnkún lọ́nà ilé mi. Àwọn ọ̀gá sì ti pa ẹ̀rọ amúlégbóná yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Níbo ni kí n sá a sí, ṣé orí rẹ ni?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Má sọ fún Henriikka, Tuulia. Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì."

Tuulia ká gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó lè sọ pé fáànù ló bàjẹ́.

Henriikka wọlé pẹ̀lú yìnyín léjìká, ó sì gba ẹ̀yìn pẹpẹ lọ tààrà. "Háà, ibí yìí mà móoru o!" Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó tutù, ó tẹ́ ẹ sójú ihò. Urpo sáré wúkọ́.

"Tuulia, kí ló ń pa díìsìkì wa gan-an?"

"Ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn ni, ọ̀gá."

Henriikka wo ìbọ̀wọ́ náà. Ojú tì í. "Ta ló ń sá nǹkan síbí?"

"Àwa tí ẹsẹ̀ wa tutù ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ amúlégbóná ibẹ̀ ná, kí ẹ tó bi mí léèrè orúkọ."

Henriikka mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún un wọ̀ ní tútù, ó sì tẹ̀ lé e.