Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Sọ Ọ́

Fèyísọ́lá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó bu iyọ̀ lé e, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì ra á. Yíǹkì náà kò gbọ́. Ó ti ṣí díẹ̀ lóòótọ́, ó kúrò ní dúdú, ó di àwọ̀ aró tó ti gbó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀wé kà ṣì lè kà á kedere lẹ́yìn aṣọ funfun ọ̀hún: ÌYÀWÓ DANIEL. Ọṣẹ gidi ni ì bá fi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n láyé ìjọba ológun yìí, ọṣẹ ti di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún, tí ṣọ́jà á sì máa fi kòbókò tún ìlà náà ṣe. Ẹni tó bá ní igi ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìnkùlé, kó máa dúpẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló rán ṣẹ́ẹ̀tì náà. Òun ló ń rán aṣọ fún gbogbo ọmọ girama ìlú wọn. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Kẹ́hìndé ọmọ oníbúrẹ́dì àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ di Ayọ̀mídé, àbúrò ọkọ Fèyísọ́lá, mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, aṣọ tí Fèyísọ́lá rán ló wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n ń lù, aṣọ tí Fèyísọ́lá rán náà ló sì wà lọ́rùn àwọn tó ń lù ú. Ó máa ń rò ó bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, a sì máa dùn ún wọra.

Ẹ̀ṣẹ̀ Ayọ̀mídé kò ju pé òun àti Daniel, ọmọ kíláàsì rẹ̀, jọ ń ka ìwé kan náà, wọ́n jọ ń rìn lọ sílé, ohùn rẹ̀ sì tutù. Àwọn ọmọ kíláàsì ní hómò ni wọ́n, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Wọ́n kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù. Nígbà tí olùkọ́ ń nù ún tí kò bá ẹnikẹ́ni wí, wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára ni wọ́n yọ eyín iwájú rẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò jáde nínú yàrá, ìdánwò àṣekágbá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

“Jẹ́ kó máa lọ sóko lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀,” ni Màámi, ìyá ọkọ rẹ̀, wí láti ìdí gbágùúdá tó ń bó. Kọ́láwọlé ọkọ Fèyísọ́lá ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń wí. Ìjọba ti dá a dúró níbi tó ti ń wakọ̀, abúlé Alájùé ló wà báyìí tó ń roko. Ayọ̀mídé ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo.

“Kò ní í lọ sóko, Màámi. Wọ́n á fọwọ́ sí i lónìí. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, á padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé.”

Ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí náà, Ọ̀gá Ọlátúnjí tó jẹ́ pirinsípà ló gbé e dìde. Ìjọba kò rí ṣọ́ọ̀kì rà fún ilé ìwé mọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ìlú ló kù tó ń gbé e ró. Àwọn káfíńtà ń tún bẹ́ǹṣì ṣe, Fèyísọ́lá ń rán aṣọ, Adébáyọ̀ oníbúrẹ́dì ló sì kan páànù gbọ̀ngàn nígbà tí ìjì ṣí i. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan náà ni àwọn ọmọ tó bá jáde ń lọ kọ́ṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ìjọba ti di àlá. Pirinsípà wá ní kí ilé ìwé àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù pawọ́ pọ̀: ọmọ tó bá fi irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóró, ilé ìwé á lé e, kò sì ní sí ọ̀gá kan ní Ẹdẹ tí yóò gbà á síṣẹ́. Kò sí ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù lásìkò náà tó kí ọmọ jókòó sílé lásán. Fèyísọ́lá gbà pé ọgbọ́n náà á ṣiṣẹ́.

Ó sá ṣẹ́ẹ̀tì náà sóòrùn, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Ẹyinjúẹgẹ́, mo ń lọ o.”

Ọmọ náà fa aṣọ borí.

Òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́. Bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó, ó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ló jẹ́. Nígbà tí wọ́n sin Fèyísọ́lá wọ ilé, Ayọ̀mídé kò tíì tó ọmọ tí ń lọ ilé ìwé. Ó dì mọ́ Màámi nídìí, ó ń fi ojú rògbòdò méjì wo ìyàwó. “Ẹyinjúẹgẹ́,” ni Fèyísọ́lá pè é lójú ẹsẹ̀, gbogbo agbo ilé sì hó yèè. Ọmọ náà ní, “Ooo, ìyàwó mi.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pera wọn láti ọjọ́ náà wá. Orúkọ náà, Ayọ̀mídé, kò gba ẹnu Fèyísọ́lá kọjá rí.

“Ẹyinjúẹgẹ́,” ló tún wí.

“Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.” Ohùn náà wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Ẹ jọ̀ọ́.”

“Kí ni kí n wá máa pè ọ́, ọkọ mi?”

“Ìyẹn náà kọ́.”

Fèyísọ́lá sọ fún ara rẹ̀ pé eyín ló ń dun ọmọ náà. Ó wọ bàtà, ó sì jáde.

Sátidé ìmọ́tótó ni. Láti àárọ̀ ni gbogbo ìlú ti ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà lójú àwọn ṣọ́jà, púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó wá sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé ni ẹrẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ọlátúnjí kò gùn. Èèyàn dáadáa ni, ọkàn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹni tí í máa wo ojú àwọn èèyàn kó tó parí gbólóhùn.

Bùràímọ̀, olórí àwọn mẹkáníìkì, ló kọ́kọ́ nawọ́. “Èmi ò kàwé,” ló wí, “ṣùgbọ́n ọmọ tó lè yọ eyín ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó lè fi sípánà fọ́ orí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ lọ́dọ̀ mi.” Àwọn káfíńtà nawọ́. Àwọn onídìrí nawọ́. Àwọn obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ní àwọn ò ní tà fún ọmọ bẹ́ẹ̀, ebi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ara Fèyísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ó ti ń ro ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí òun yóò gé fún Ẹyinjúẹgẹ́ bí òun bá délé, kó má bàa jẹ́ èyí tí yíǹkì bà jẹ́ ni yóò wọ̀ padà.

Adébáyọ̀ wọlé nígbà náà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì dání fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé òun pẹ́, ó sì pín búrẹ́dì náà kárí. Fúláwà ti di góòlù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbé búrẹ́dì náà símú kí wọ́n tó gbé e sórí itan. Adébáyọ̀ wá jókòó lábẹ́ páànù tí òun fúnra rẹ̀ kàn.

“Wọ́n sọ fún mi pé torí ọmọ mi lẹ ṣe pe ìpàdé,” ló wí. “Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n béèrè ohun kan. Ohun tí wọ́n ń wí nípa ọmọ yẹn àti Daniel, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?”

“Òótọ́ àbí irọ́ kọ́ ni mo pè yín sí, sà,” ni Ọ̀gá Ọlátúnjí dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti kéré.

Fèyísọ́lá dìde. Kò mọ̀ pé òun fẹ́ dìde. “Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́, bàbá? Bó bá jẹ́ òótọ́, ta ló ṣẹ̀? Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà pẹ̀lú Màámi. Òótọ́ ni o, irọ́ ni o, mi ò bi í léèrè, mi ò sì ní í bi í. Eyín ẹ̀ tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo rí.”

Bùràímọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Adébáyọ̀ kò bínú. Ẹni tí kì í bínú sì ṣòro bá jà.

“Ìyàwó wa, ẹ jókòó,” ló wí. “Mo na Kẹ́hìndé. Mo ní níbo ló ti rí orúkọ tó fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ, Sísí Ẹyinjúẹgẹ́. Ó ní òun kọ́ lòun sọ ọ́. Ó ní lẹ́nu géètì yìí làwọn ti gbọ́ ọ, lẹ́nu obìnrin kan tó gbé oúnjẹ wá, tó ń ké e la pápá já. Kí n tó lé ọmọ mi nílé ìwé, mo fẹ́ mọ obìnrin náà.”

Fèyísọ́lá rántí ọjọ́ náà. Ọmọ náà ti lọ láìjẹun, òun sì gbé ìrẹsì tẹ̀lé e. Ó rí i lọ́ọ̀ọ́kán láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ké orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu òun kò lè pè é, àfi èyí tó mọ̀. “Ẹyinjúẹgẹ́ o!” Ọmọ náà sì ti yíjú, inú rẹ̀ dùn, kó tó rántí ibi tó wà: “Ooo, ìyàwó mi!” Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Fèyísọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé irú ẹ̀rín tí agbo ilé rín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ni.

“Èmi ni,” ló wí.

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ìyàwó ilé ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tí kò sọ àbúrò ọkọ tirẹ̀ lórúkọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ó sì di nǹkan mìíràn.

“Ẹyinjúẹgẹ́ fún ọkùnrin,” ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́.

“Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” ni Adébáyọ̀ wí jẹ́jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà nìyẹn. Káfíńtà kan ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹlòmíràn ní eré ọmọdé ni. Ọ̀gá Ọlátúnjí gbójú sókè wo páànù tí Adébáyọ̀ kàn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀, kí àwọn ará ilé náà sì ṣọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ. Ní ti Ayọ̀mídé, kó sinmi títí di ọdún tó ń bọ̀, òun á bá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé kan ní ìlú Ara kó lọ ṣe ìdánwò tirẹ̀ níbẹ̀. “Fún àlàáfíà òun náà ni,” ló wí. Kò wo ojú Fèyísọ́lá. Kẹ́hìndé yóò ṣe tirẹ̀ lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Wọ́n nawọ́. Bùràímọ̀ kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, bí ẹni pé kò dá a mọ̀, kó tó gbé e sókè. Fèyísọ́lá kò gbé tirẹ̀.

Wọ́n ti fi búrẹ́dì tirẹ̀ sí i lọ́wọ́ kó tó jáde. Ó yẹ kó jù ú sínú gọ́tà tí wọ́n kó láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé wọn kò tíì fojú kan búrẹ́dì láti ọdún tuntun, Màámi sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé e dání délé, ó sì kórìíra ọwọ́ tó fi gbé e.

Lójú ọ̀nà ló ti pinnu. Ẹyin lohùn, èyí tó ti ẹnu òun bọ́ ti fọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣà á. Ó kù kóun dá orúkọ tí baba ọmọ náà sọ ọ́ padà fún un, kó má sí ẹni tí yóò tún sọ pé ilé ló ti gbé ẹ̀gàn jáde. Èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yọ léyín kọjá ẹni tí à ń torí èèwọ̀ dákẹ́ fún.

Ṣẹ́ẹ̀tì náà ti gbẹ lórí okùn. Oòrùn ti ṣí yíǹkì ọ̀hún sí i, síbẹ̀ ó ṣì ṣeé kà.

“Wọ́n fọwọ́ sí i?” ni Màámi béèrè.

Fèyísọ́lá gbé búrẹ́dì sí ẹ̀gbẹ́ gbágùúdá. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. “Ẹyinjúẹgẹ́” ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. “Ọkọ mi” tẹ̀lé e, ó gbé ìyẹn náà mì.

“Ayọ̀mídé,” ló pè.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Màámi. Nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì dún. Fèyísọ́lá ń retí ohùn tó máa ń dá a lóhùn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà. Ìgbà tó ń retí rẹ̀ gan-an ló tó mọ̀ pé orúkọ tó gbé mì yẹn nìkan ni ohùn náà ń dáhùn sí.

Ọmọ náà dìde. Kò bi í léèrè ìpàdé. Ó dúró ṣánṣán, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ti ń ṣe ní kíláàsì tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ, ó pa ètè dé mọ́ ibi tí eyín ti yọ.

“Yẹ́sì, mà,” ló wí.