Ẹsẹ̀ Kẹta Áyọ́ọ̀nù Ràúdátù

Ọjọ́ tí Ràúdátù gúnlẹ̀ sí Ṣakẹ́tẹ́ láti Èkó, ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ariwo tí ẹrù náà dá sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwo díẹ̀ ni, aṣọ díẹ̀ ni. Ohun tí gbogbo agboolé pé lé lórí ni áyọ́ọ̀nù kan tí kò ní ibi tí wọ́n ń kó èédú sí, tí okùn dúdú gbọọrọ so mọ́ ìdí rẹ̀, tí orí okùn náà sì yọ ẹsẹ̀ irin mẹ́ta síta. Ìkejì rẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan, pátákó kékeré tó ní ihò mẹ́ta àti bọ́tìnì kan lójú, tí ó fi gèlè wé bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Ọdún kejì òmìnira ni. Bàbá tó bí Mọ́rúfù, ọkọ rẹ̀, ló kú, kò sì sí ọmọkùnrin mìíràn tí yóò jókòó ti ìsọ̀ aṣọ rẹ̀. Mọ́rúfù kó wálé, ìyàwó tẹ̀lé e. Ní Èkó, lílọ aṣọ fún àwọn olówó ni iṣẹ́ tí Ràúdátù fi ń jẹun. Ó ti di ọmọ òrukàn láti kékeré, ilé dé ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ, iṣẹ́ onílé ni ó sì ń ṣe ní gbogbo ilé náà. Áyọ́ọ̀nù yìí ni nǹkan àkọ́kọ́ láyé tó jẹ́ tirẹ̀. Ládiípọ̀, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ní, tó ń fa wáyà iná sílé àwọn èèyàn, ló rà á fún un.

Ládiípọ̀ kò kàn gbé e lé e lọ́wọ́ lásán. Ó mú un jókòó síwájú ògiri, ó ní, "Wo ẹsẹ̀ òkè yìí. Òun ló gùn jù, òun ni àgbà. Àgbà ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tó wà nísàlẹ̀. Bí àgbà kò bá wọlé, ojú ihò méjì yẹn á pa dé ni, ọmọdé kò lè ki ìka bọ̀ ọ́. Tì í títí yóò fi jókòó dáadáa, kí o tó tẹ bọ́tìnì sísàlẹ̀. Bí o bá ṣe tán, tẹ bọ́tìnì sókè kí o tó fà á yọ. Orí rẹ̀ ni kí o mú, má fa okùn. Fíúsì kékeré kan wà nínú orí náà, bí iná bá pọ̀ jù, òun ló máa kú dípò rẹ."

Ràúdátù bi í pé kí ni iṣẹ́ àgbà yẹn gan-an. Ó ní, "Kì í gbé iná wá. Inú ilẹ̀ ló ń lọ. Bí iná bá ṣìnà sára irin, òun ló ń mú un lọ sílẹ̀ kó má bàa gba ara rẹ kọjá. Ilẹ̀ tútù ló sì fẹ́ràn."

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ṣakẹ́tẹ́. Màrúfátù, ìyá Mọ́rúfù, kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ. Iṣẹ́ ló ń bá obìnrin náà lára mu, ọ̀lẹ ni kò sì gbà lálejò. Nígbà tó wo áyọ́ọ̀nù náà tán, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi, Èkó ni Èkó, Ṣakẹ́tẹ́ nìyí. Ilẹ̀ bàbá ọkọ rẹ tó wà ní Aguidi ń wá ọwọ́ tí yóò gbin ọ̀pẹ sí i. Mo fún ọ láyè títí òjò yóò fi dá. Bí irin rẹ yìí bá lè bọ́ ọ, mi ò ní wí nǹkan kan. Bí kò bá lè bọ́ ọ, Aguidi yá."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹnu lásán, nítorí ó ti ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀pá irin gígùn kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò ọ̀pẹ. Ó gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn Ràúdátù. Ojoojúmọ́ tí ọmọbìnrin náà bá jí, ọ̀pá yẹn ni ojú rẹ̀ ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Kì í ṣe pé ó kórìíra oko, ó kàn mọ̀ pé bí òun bá ti dé Aguidi, iṣẹ́ onílé ló tún kù tí òun yóò máa ṣe títí ayé.

Níbo wá ni iná wà? Ọ̀dọ̀ Basile, aládùúgbò wọn, tí ògiri rẹ̀ kan tiwọn. Omi yìnyín àti límónáàdì ni Basile ń tà, ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ sì ń ké láti àárọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Inú ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ wá ni òun àti Félicité ìyàwó rẹ̀ wà, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti gbé sùtánà wọ̀. Ìjọ náà ní àpéjọ ńlá ní Pọ́bẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Inú ń bí Félicité sí áyọ́ọ̀nù eléèdú, nítorí eérú àti ẹ̀tapàrà iná rẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun jẹ́ funfun.

Ó wá bá Ràúdátù, ó ní, "Bí fẹ́ẹ̀ rẹ yẹn, áyọ́ọ̀nù oníná yìí, bá lọ sùtánà wa tí kò ní àbàwọ́n, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la ó gbé e wá o. Gbogbo ìjọ Ṣakẹ́tẹ́ àti ti Pọ́bẹ̀ ni yóò di oníbàárà rẹ."

Inú Ràúdátù dùn débi pé ó gbàgbé láti jẹun. Ó gbé okùn rẹ̀ dìde, ó di ọ̀dọ̀ Basile. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti sọ. Ihò róbótó méjì péré ni sọ́kẹ́ẹ̀tì Basile ní, irú ti àwọn Faransé tó ti ṣàkóso ilẹ̀ náà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò rí ibi wọ̀.

"Fòfó Basile, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ràúdátù wí, "ẹ bá mi yọ ti yín, ká fi èyí tí mo gbé ti Èkó bọ̀ sí i, ká sì wá irin rì mọ́lẹ̀ fún ẹsẹ̀ kẹta."

Basile yí ojú padà. "Kí n yọ príìsì ara ògiri tí mo fowó rà ní Àjàṣẹ́? Ihò méjì ló ń gbé kúrán iná wá. Ẹsẹ̀ kẹta tìrẹ yẹn, kí ló ń gbé?"

"Kò gbé nǹkan kan, ilẹ̀ ló ń lọ."

"Ta ni yóò wá máa bọ́ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́?" Ó fi ọ̀bẹ gé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà sọnù, àti fíúsì tó wà nínú rẹ̀. Ó bó wáyà méjì, ó kì wọ́n bọ ihò róbótó méjèèjì, ó fi igi ìṣáná há wọn kí wọ́n má bàa yọ. Wáyà kẹta, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn bí ìrù ajá. Wọ́n fa okùn gba ojú fèrèsé wọ yàrá iwájú Ràúdátù. Láìpẹ́, áyọ́ọ̀nù gbóná.

Ràúdátù mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dunni. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Ládiípọ̀ kọ́ òun. Ṣùgbọ́n sùtánà ti kún orí ẹní, òjò ti fẹ́ dá, ọ̀pá irin sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà ló gé e, ta ni òun tí yóò sọ pé kò dára? Ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ara irin náà, nǹkan a ta á jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí èèrà géni jẹ. Ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó ń bá a lọ. Aṣọ náà sì ń funfun, ó ń dán, etí rẹ̀ ń dúró ṣánṣán. Òun fúnra rẹ̀ ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí oòrùn fẹ́ yẹ àtàrí, Màrúfátù ṣe àlùwàlá tán fún ìrun ọ̀sán, ó ń kọjá lọ. Ó yọjú sí yàrá iwájú. Ó rí sùtánà tó tò lórí ẹní bí ẹyẹ lékeléke, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà kó má bàa ta erùpẹ̀ sí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, ó fi ẹsẹ̀ tútù tẹ ilẹ̀ tí Ràúdátù ti wọ́n omi sí nítorí eruku.

Ó ní, "Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé ó tilẹ̀ gbóná báyìí?"

Ràúdátù ti kọ ẹ̀yìn, ó ń ká aṣọ. Kó tó yí padà, ìyá ti ṣe ohun tí gbogbo obìnrin ìlú náà ń ṣe sí áyọ́ọ̀nù eléèdú látọjọ́ tí aláyé ti dáyé: ó fi ìka tó tutù kan ẹ̀gbẹ́ irin náà láti gbọ́ bóyá yóò dún ṣìì.

Kò dún. Màrúfátù ló ké. Iná gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì sọ ọ́ sórí sùtánà àwọn onígbàgbọ́. Áyọ́ọ̀nù já lé e lẹ́sẹ̀, ara ìyá sì ń gbọ̀n síbẹ̀.

Ọwọ́ Ràúdátù fò lọ sára ògiri, ó ń wá bọ́tìnì. Ògiri lásán ló fọwọ́ kàn. Kò sí bọ́tìnì. Ó wà nínú gèlè, nínú àpótí. Ó di okùn mú, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, igi ìṣáná sì já ní ilé Basile, wáyà yọ kúrò nínú ihò.

"Ìyá mi! Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn!"

 Ìgbà tó yá, ìyá la ojú, ó ní, "Mi ò tíì kírun." Ràúdátù bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá mú, ó ń sọ gbogbo rẹ̀: bí òun ṣe ní kí wọ́n wá irin rì mọ́lẹ̀ fún ẹsẹ̀ kẹta, bí wọ́n ṣe gé e, bí irin náà ṣe ń ta òun lọ́wọ́, bí òun ṣe pa á mọ́ra nítorí ẹ̀rù Aguidi.

Ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ fún mi ní ọ̀pá irin yẹn. Lọ́la ni mò ń lọ sóko."

Nígbà náà ni Basile sáré wọlé pẹ̀lú Félicité, igi ìṣáná kan lọ́wọ́ rẹ̀. Màrúfátù wo igi náà, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo rí lọ́jọ́ tí ìyàwó mi gbé irin yìí dé. Ìkẹta dà?"

"Ìyá, mo rò pé kì í ṣiṣẹ́ ni."

"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Basile, ta ló kọ́ ọ pé kí o yọ ọ̀kan kí o gbé ìkòkò kaná? Ọ̀la ni ẹ̀yin aláìwọ-bàtà ìbá wọlé wá gba aṣọ. Bó bá jẹ́ Félicité ló fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

Basile dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Félicité kúnlẹ̀ tì í. Màrúfátù ní kí wọ́n gbé òun dìde. Ó ń tiro, ó wọ yàrá Ràúdátù lọ, wọ́n sì gbọ́ tó ń fa irin nílẹ̀.  Ìyá jáde pẹ̀lú ọ̀pá Aguidi, ó gbé e lé Basile lọ́wọ́.

"Ṣé èyí gùn tó?" ni ó bi Ràúdátù.

Ràúdátù kọ́kọ́ rò pé oko ni ó ń wí. Ìgbà tó yé e pé ti ẹsẹ̀ kẹta ni, ó mi orí pé ó gùn tó.

Basile kan ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri títí orí rẹ̀ nìkan fi kù síta. Ó tú áyọ́ọ̀nù, ó rí ibi tí wáyà ti bó níbi tí okùn ti wọ inú rẹ̀, ó tún un wé dáadáa. Wọ́n tú gèlè, wọ́n kan sọ́kẹ́ẹ̀tì Èkó mọ́ ògiri, wọ́n fa iná Basile wọ ihò méjì ìsàlẹ̀, wọ́n so ihò òkè rẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Félicité lọ he orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú ìdọ̀tí, ó fọ ọ́, ó nù ún gbẹ, wọ́n sì dá a padà sídìí okùn. Ràúdátù tì í wọlé, àgbà ṣáájú, àwọn àbúrò tẹ̀lé e, ó tẹ bọ́tìnì sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, kò sí sùtánà tó funfun tó ti Ṣakẹ́tẹ́ ní Pọ́bẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún díẹ̀ nínú wọn fọ̀.

Òjò dá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Aguidi. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ọyẹ́ dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ràúdátù rántí ohun tí Ládiípọ̀ sọ, pé ilẹ̀ tútù ni ẹsẹ̀ kẹta fẹ́ràn. Ó gbé omi jáde kó lọ dà á sídìí ọ̀pá náà. Ó bá ibẹ̀ ní tútù. Màrúfátù ló jókòó lórí àpótí pẹ̀lú kẹ́tùrù rẹ̀, àpá áyọ́ọ̀nù hàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá sórí ọ̀pá náà. Kò gbójú sókè.

"Dá omi rẹ padà," ni ó wí. "Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni mò ń kírun. Lọ máa ṣiṣẹ́ rẹ."